Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́: BÍ A ṢE Ń DÁN Ẹ̀RỌ AMÓHÙNMÁWÒRÁN OLÓWÓ ŃLÁ WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

Ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí kì í ṣe lórí ìwé owó tàbí onídùúró. Ó dá lórí ọjà kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fẹ́ fi owó àjùmọ̀ní rà, ìyẹn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ńlá.

Nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ní etí òkun Ìlàjẹ, wọ́n gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ oní-íńṣì 65 sínú gbọ̀ngàn ìpàdé, kí àwọn ọ̀dọ́ máa wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó díẹ̀ sí àpò ẹgbẹ́. Ìyá kan tó ń ta edé dìde, ó ní: “Ẹ̀yin ọ̀gá, a ti gbọ́ pé ó dára. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ó dára lóòótọ́ kí owó wa tó lọ?”

Ìbéèrè yìí dùn wá dé egungun, nítorí a ti ṣe àṣìṣe náà rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ mìíràn ní etí òkun kan náà, tí a kò ní dárúkọ, bẹ̀ wá kí a bá wọn lọ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú ńlá. Àwa tí a gba ìwé ẹ̀rí ní polí, àwa tí a ń yẹ ìwé oníwèé wò, a kàn dúró níwájú èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù, a ní, “Èyí ni.” Nígbà tó dé gbọ̀ngàn, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù dà bí ojú ẹni tí a fi ẹfun kùn. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kò rí ju òjìji lọ. Bí fíìmù bá bọ́ sí òru, a ń gbọ́ ohùn, a kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Owó àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ni a fi rà á. Oṣù 14 ni wọ́n fi san gbèsè náà tán, àwọn kan kò sì dá owó mọ́ títí di òní. Ẹ̀bi wa ni. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí yín ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. ÀWÒRÁN INÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ KỌ́ NI ÀWÒRÁN INÚ ILÉ

Bí obìnrin Ìlàjẹ bá fẹ́ ra ẹja ní ọjà Igbókòdá, kì í wo dídán ara rẹ̀ nìkan. Yóò wo ojú ẹja náà, yóò ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ṣì pupa, yóò sì fi ìka tẹ ẹran rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a ra ẹ̀rọ yìí.

Àwọn olùtajà a máa gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ẹ̀rọ sókè dé òpin, wọn a sì fi fíìmù òdòdó àti iná ìlú ńlá sí i, èyí tí a yà kí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè dára lójú. Nítorí náà, ẹ bẹ olùtajà pé kó ṣe ohun mẹ́ta fún yín. Kó fi rìmóòtù yọ ọ́ kúrò lórí ètò tí wọ́n ń pè ní Vivid tàbí Dynamic, kó fi sí Movie tàbí Cinema. Kó pa iná tó wà lókè orí ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó sì jẹ́ kí ẹ fi fíláàṣì tiyín sí i.

Nínú fíláàṣì náà, ẹ ti kó àwòrán tiyín sí i láti ilé: ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, ọkọ̀ ojú omi ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àti ìdíje bọ́ọ̀lù kan. Ẹ fi àwòrán tó funfun pátápátá kún un, èyí tó dúdú pátápátá, àti èyí tó pupa. Olùtajà tí kò bá gbà kí ẹ dán ọjà wò, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

2. OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ OJÚ GBỌ́DỌ̀ WÒ

(a) Dúdú. Ẹni tó mọ àwòrán, dúdú ló kọ́kọ́ ń wò. Ẹ fi àwòrán ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn sí i. Ṣé omi òru dúdú, àbí ó dà bí eérú? Ṣé a ṣì rí etí ọkọ̀ àti apá ẹni tó ń wa ọkọ̀? Nínú ẹ̀rọ LED, fìtílà ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Bí fìtílà náà bá wà ní etí nìkan, ìmọ́lẹ̀ a máa jò sínú òkùnkùn. Bó bá tẹ́ kárí ẹ̀yìn, tí ẹ̀rọ sì lè dín apá kọ̀ọ̀kan kù, dúdú yóò sàn jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní QLED náà, fìtílà ẹ̀yìn ni ó ń lò, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ OLED. Nínú OLED, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara rẹ̀, ó sì lè kú pátápátá. Dúdú rẹ̀ ni ó ga jù.

(b) Ara ènìyàn. Ẹ wo ojú àwọn ènìyàn yín nínú àwòrán. Ṣé pupa, dúdú àti àdúláwọ̀ yàtọ̀ síra bí ẹ ti mọ̀ wọ́n? Àwọ̀ ewéko lè tàn wá jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a lè fi ojú ìyá rẹ̀ tàn jẹ.

(d) Ìrìn àwòrán. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sí i. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù gíga, ṣé ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ni ẹ rí, àbí ó ń fa ìrù? Ẹ̀rọ gidi a máa sọ àwòrán dọ̀tun ní ìgbà 100 tàbí 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti kòńkò jẹ́ 50 tàbí 60. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn kan a kọ “Motion 240” sí páálí, ìyẹn kì í ṣe iye gidi. Ẹ béèrè iye Hertz gíláàsì fúnra rẹ̀.

(e) Ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe dúró sí ojú kan. Ẹ rìn lọ sí ọ̀tún, ẹ rìn lọ sí òsì, títí dé ibi tí ẹni tó jókòó sí igun gbọ̀ngàn yín yóò wà. Bí àwọ̀ bá ṣá níbẹ̀, ẹ rántí pé owó kan náà ni ẹni igun dá.

(ẹ) Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké. Èyí ni àwọn olùtajà ń pariwo jù, òun la sì fi ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Full HD ní ẹyọ 2,073,600. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K ní 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ní ààlà. Lára ẹ̀rọ oní-íńṣì 65, ẹni tó bá jókòó jìnnà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àbọ̀ lọ kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Àǹfààní 4K kò pé títí a ó fi sún mọ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bẹ́ǹṣì iwájú nínú gbọ̀ngàn wa sì sábà máa ń jìnnà tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá! Bákan náà, ìwọ̀nba ni ètò 4K tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ayé òde òní ti sábà máa ń jẹ́ 4K tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gbé owó lé yín lórí.

3. ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ ARA PÁÁLÍ

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, dúdú àti funfun ni àwòrán, ohun kan ṣoṣo tí olùwòran sì ń béèrè ni pé, “Ṣé ó ń fi hàn?” Lónìí, ọ̀rọ̀ ara páálí ju ti ìwé ìdìbò lọ. Díẹ̀ nínú wọn ló kàn wá.

HDR: ètò tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ó nílò ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò HDR ni a ṣe fún ìmọ́lẹ̀ 1,000 nits. Ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 300, orúkọ HDR nìkan ló ní.

DVB-T2: irú ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ wa ń yí padà sí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2016. Ẹ rí i pé ó wà nínú ẹ̀rọ náà.

Ojú HDMI: ó kéré tán mẹ́ta, fún dekódà àti àwọn ohun mìíràn. Ẹ fi ọwọ́ dán wọn wò, kí wọ́n má ṣe máa mì.

Ohùn: ẹ̀rọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ní ohùn tó lè borí ìró òkun àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi owó gbohùngbohùn sínú ìṣirò.

Íntánẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ: ó wúlò níbi tí dátà wà tí ó sì lágbára. Níbi tí kò sí, ẹ má san owó rẹ̀.

4. INÁ, IYỌ̀ ÀTI OJÚ OMI

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wo iye wátì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ 150, tí ẹ sì ń lò ó fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́, 600 ni yóò jẹ lálẹ́ kan. Bátìrì oní 12 fólìtì, 200 Ah, ní 2,400 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í pẹ́ bí a bá ń lò ó ju ìlàjì lọ, nítorí náà 1,200 ni kí ẹ kà sí. Nínú ìyẹn ni dekódà, gílóòbù àti èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ yóò ti mú tiwọn. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ má ṣe so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn láìsí sìtábílásà.

Afẹ́fẹ́ òkun ní iyọ̀, iyọ̀ sì ń jẹ irin inú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe gbé e kọ́ ògiri tó kọjú sí òkun. Bí ẹ bá pa á, tí ó tutù, ẹ fi aṣọ tó gbẹ bò ó.

Láti Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdúró ni a ń gbé ẹ̀rọ yìí, nínú páálí tirẹ̀, a kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí gíláàsì rẹ̀ lè là bí ọkọ̀ bá ń fò lórí ìgbì. Ẹ fi tapólì wé e, kí ènìyàn méjì jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì.

5. ÈWO NI KÍ ẸGBẸ́ RÀ?

Fún yàrá tí a ń wò lálẹ́, OLED kò ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n fún gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án, LED tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí fìtílà rẹ̀ kárí ẹ̀yìn, ni a yàn. Ìdí kejì ni pé àmì ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tó ń dúró sí igun kan fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ lè fi àpá sílẹ̀ lára OLED títí láé. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò sì lè yẹra fún àmì.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí ẹ̀rọ àti gbogbo ohun tó bá a rìn bá jẹ́ ₦1,200,000, tí ọmọ ẹgbẹ́ sì jẹ́ 40, ₦30,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ara yín bóyá ẹni tí kò ní wá wòran rárá gbà láti dá a. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbèsè pẹ́ ju ìwé ìdánilójú ọjà lọ: bí ó bá jẹ́ ọdún kan, kí a san án tán láàárín ọdún kan. Ẹ gba rìsíìtì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí nọ́mbà ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 2018, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ṣùgbọ́n rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, bẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn oníṣòwò ìgbà náà ń ṣe àdàlù ọjà, wọ́n sì ń rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ. Ìyẹ̀fun àti bọ́tà ni tiwọn, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni tiwa. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò yí padà: kí owó tálákà ra ojúlówó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín ògiri iwájú àti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn yín? Ẹ wọ̀n ọ́n.
2. Ta ni yóò kó àwòrán sínú fíláàṣì, ta sì ni yóò bá ìgbìmọ̀ lọ dán an wò? Kí obìnrin kan ó kéré tán wà nínú wọn.
3. Wátì mélòó ni iná yín lè gbé?
4. Bí owó ìwòran kò bá wọlé fún oṣù mẹ́ta, níbo ni a ó ti san gbèsè?

Ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, wọ́n kò tíì rà á nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Ìyá elédé yẹn ni wọ́n yàn ṣe ìkẹta nínú àwọn tí yóò lọ sí ọjà. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán ojú òun sínú fíláàṣì, ojú òun ni òun yóò fi dán an wò. A rò pé ẹ̀kọ́ náà ti yé e ju àwa tí a kọ ọ́ lọ.