Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ta Ló Ń Bá Wa Kọ Ìròyìn Wa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn àti l'Ékòó, tẹ́ ẹ di gègé mú, tẹ́ ẹ ń ka ìròyìn lórí afẹ́fẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni ló ń báni wí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ nínú mi.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Olúkòró ti Koro, wọ́n sì pa ọba náà. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara ni Koro wà, níbẹ̀ náà ni àwa ará Isolo-Opin wà. Fóònù mi ò sinmi lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó pè láti Èkó ń bi mí pé báwo ni Adó-Èkìtì ṣe jìnnà sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó pè láti London ń kí mi kú àjálù Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n pa ọba méjì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lóòótọ́, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùré-Èkìtì, ni gbogbo ẹ̀ bá lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn lọ́kàn àwọn tí kò mọ ilẹ̀ wa. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, a tún ní láti máa júwe ilé wa fún ẹni tó ń kí wa.

Mo wá ń rò ó pé nínú gbogbo yàrá ìròyìn tí ọ̀rọ̀ Koro gbà kọjá lọ́jọ́ náà, ọmọ Koro mélòó ló wà níbẹ̀? Ọmọ Osi, ọmọ Iloffa, ọmọ Eruku dà, tí ì bá sọ fún olóòtú pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, Èkìtì méjì ló wà o, ẹ jẹ́ ká là á yé àwọn èèyàn”? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ńláńlá l'Ékòó, akọ̀ròyìn kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo Kwara. Ìlọrin lẹni náà ń gbé. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà lọ́rùn rẹ̀, láti Baruten tó bá ilẹ̀ Benin pààlà, títí kan àwọn Nupe etí odò ní Pategi, kó tó wá kan àwa tí à ń bẹ lẹ́yìn Òmù-Àrán. Mi ò bú u. Owó ọkọ̀ gan-an lè má sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí ọlọ́pàá bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ni yóò kọ, ohun tí akọ̀wé gómìnà bá sọ ni yóò fi kún un, a ó sì kà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn agbébọn tún ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, kámẹ́rà ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló fi han ayé. Ìsìn ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn dún. Èèyàn 38 ni wọ́n kó lọ, ó di ọjọ́ 23 oṣù yẹn kí ìjọba tó kéde pé gbogbo wọn ti gba ìtúsílẹ̀. Bí kì í bá ṣe kámẹ́rà yẹn ńkọ́? Ta ni ì bá gbà wá gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé ẹ mọ̀ pé ère ilẹ̀ wa wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri òkè òkun? Areogun ti Osi, Bamgboye ti Odo-Owa, àwọn tó gbẹ́ ère Ẹ̀pà tí wọ́n ń gbé sórí jó, tí èèyàn fi ń gbàgbé oúnjẹ tó bá ń wò ó. Areogun bí ọmọkùnrin kan, Bandele. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Osamuko ni Bandele ti kọ́ṣẹ́, Osamuko yìí sì rèé, ọmọ iṣẹ́ Areogun ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá mọ iṣẹ́, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni ọmọ ti lọ gbá ilẹ̀ ìdí igi, tó kọ́kọ́ ń pọ́n àáké, kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, Fadá Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bandele ń gbẹ́ igi níbẹ̀. Ta ló wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀? Lámídì Fákẹ́yẹ ni, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí, nínú ọgbà àwọn Àgùdà. Bandele ò béèrè ọmọ ta ni. Ọwọ́ ọmọ náà ló wò. Gbogbo ayé ló mọ Fákẹ́yẹ títí tó fi kú.

Ẹ wá gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lónìí. Àyè ṣí sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìròyìn, kò sí ìkéde lára ògiri, kò sí lórí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ìkéde lọ́wọ́ gbogbo ayé ni. Àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹnìkan ti jókòó sórí àga. Ta ni? Ọmọ àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni, tàbí ọmọ tí ẹnìkan nílé ìjọba kọ lẹ́tà lé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa níbí, ó kàwé ìròyìn, ó jáde dáadáa. Ó dé ilé iṣẹ́ kan ní ìlú ńlá, kí n má dárúkọ wọn. Ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n ní kó máa lọ ná, àwọn á pè é. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ mìíràn gbà á. Wọ́n fún un ní káàdì ìdánimọ̀, wọ́n ò dárúkọ owó oṣù. Wọ́n ní káàdì yẹn gan-an ni owó oṣù rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ àgbẹ̀ tí yóò sanwó ilé, tí yóò wọkọ̀, tí yóò ra dátà, kí ni kó jẹ? Bó bá gba àpòòwé lọ́wọ́ olóṣèlú, ẹ ó ní ìwà ìbàjẹ́ ni. Bó bá kọ̀ ọ́, ebi á lé e wá sílé. Ó sì padà wálé. Aṣọ ló ń tà báyìí ní ọjà Osi. Àwọn tí bàbá wọn lè bọ́ wọn fún ọdún kan láìgbowó ló kù sínú yàrá ìròyìn, ẹ wá ń ṣe háà pé gbogbo wọn ń ronú bákan náà.

Ẹ má fi òfin dá mi lẹ́nu, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 14, ìlà kẹrin, ó ní bí ìpínlẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe ètò òṣìṣẹ́, kó hàn pé oríṣiríṣi èèyàn ló wà ní àgbègbè náà. Radio Kwara, ti ìjọba ni. Ìwé ìròyìn Herald tí ìjọba gómìnà ológun Bamigboye dá sílẹ̀ ní 1973, tiwa ni pẹ̀lú. Owó orí wa wà níbẹ̀, ti Nupe wà níbẹ̀, ti Baruba àti Fúlàní wà níbẹ̀. Ní 2011 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ìjọba ń ṣe. Ó wà nínú òfin yẹn kedere pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa gbé orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde, ipò wọn, owó oṣù wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin Àbújá ò kan àwọn, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ọ́ lóṣù kẹrin ọdún 2025 pé gbogbo wọn ló kàn. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn lẹ jà fún òfin yìí ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbóríyìn fún yín. Ìgbà wo wá lẹ fi béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tiyín?

Àwọn aládàáni ńkọ́? Ẹ ó ní òfin ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ń béèrè ìnáwó gómìnà, ẹ ń béèrè ọmọ ta ni wọ́n fún ní kọ́ńtíráàtì, ẹ sì ń fi orúkọ ẹni tó jókòó sí yàrá yín pamọ́. Ojú kì í tì yín ni?

Ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan tó ìwé lọ́tọ̀. Òyìnbó ajíhìnrere Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa, ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ó di 1980 kí obìnrin tó di olóòtú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń kà, ìyẹn Doyin Abíọ́lá ní National Concord, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún 121! Ní òkè ọya lọ́hùn-ún, Bilkisu Yusuf ṣe olóòtú Sunday Triumph ní Kano, kó tó kú ní Mina, ilẹ̀ Saudi, ní 2015. Èwo ni ayé bàjẹ́ nínú méjèèjì?

Kí yàrá ìròyìn jọ ìlú, àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà náà ò ì rí i ṣe. Àwọn olóòtú ibẹ̀ búra ní 1978 pé tó bá di ọdún 2000, iye aláwọ̀ dúdú àtàwọn yòókù tó wà ní yàrá ìròyìn yóò bá iye wọn láàárín ìlú mu. Ó di 1998, wọ́n rí i pé kò ní ṣeé ṣe, wọ́n sún un sí 2025. Ohun kan tí wọ́n ṣe tí mo fẹ́ràn ni pé wọ́n máa ń ka òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún nígbà náà, wọ́n sì máa ń gbé iye jáde fáyé rí. Ìgbà tó di 2018, nínú ilé iṣẹ́ nǹkan bí 1,700 tí wọ́n bi, 293 péré ló dáhùn. Ẹni tó mọ̀ pé ilé òun dọ̀tí kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Mi ò ní kí wọ́n gba ọ̀lẹ o, nítorí pé ó ń jẹ́ ọmọ Isolo-Opin. Kí wọ́n kéde iṣẹ́, kí wọ́n fi ìdánwò sí i, kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tó yege mọ́ ògiri, kí wọ́n dárúkọ owó oṣù kí ọmọ tó fi ilé sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa náà ní tiyín nínú, torí ẹ dé Ìlọrin tán, ẹ ń sọ fún èèyàn pé ọmọ Ọ̀fà ni yín kí àlàyé má bàa gùn. Ta ni yóò wá máa bá wa ṣàlàyé?

Ní báyìí, ẹ jókòó, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin 2011 yẹn ní ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹ̀ka ìròyìn Radio Kwara àti Herald, ìjọba ìbílẹ̀ tí kálukú ti wá, iye obìnrin tó wà lára wọn, àti ibi tí wọ́n ti kéde iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí. Ẹ fọ̀wọ̀ kọ ọ́, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ kọ orúkọ yín àti ìlú yín sí i gbangba. Kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí èmi ìyá yín, kí n mọ ọjọ́ tí n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.