Àtọ̀gbẹ Lára Ọmọ Tí Ń Bàlágà: Iṣẹ́ Gbogbo Ilé Ni

Ẹ̀yin òbí tí àtọ̀gbẹ ń bá ọmọ yín jà ni mo ń bá wí lọ́sẹ̀ yìí.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí ní dìsìpẹ́ńsárì ní Ìrèlé-Èkìtì pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe àìsàn àgbà ni èyí?” Rárá o. Oríṣi kìíní àtọ̀gbẹ a sábà máa bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Kì í ṣe ohun dídùn ni ó fà á, kì í sì í ràn. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde jẹ́. Láìsí ínsúlínì, ṣúgà kò lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Ọmọ yóò máa tọ̀ léraléra, òǹgbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò sì máa rù.

Láyé àtijọ́, ikú ni òpin rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ọmọkùnrin ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì; ó sì tún lo ọdún 13 láyé. Títí di òní, kò sí àgbo tàbí ààwẹ̀ tí ó lè rọ́pò abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má ṣe dá a dúró, ìbáà ṣe ọjọ́ kan.

Ẹ̀rọ tí ń ka ṣúgà láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan wà. Òmíràn wà tí a ń lẹ̀ mọ́ apá, tí ń fi iye ṣúgà ránṣẹ́ sí fóònù tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Fóònù lásán pàápàá lè dún láti rán ọmọ létí abẹ́rẹ́. Bí iná bá lọ, tí fíríìjì kò ṣiṣẹ́, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Ẹ di ínsúlínì sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e síbẹ̀. Èyí tí ó bá ti dì bí yìnyín ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè tọ́ ọmọ. Mo ti rí ìwé tí ọmọ kọ iye irọ́ sí, nítorí pé bàbá rẹ̀ a máa bú u bí ṣúgà bá ga. Irọ́ bẹ́ẹ̀ lè pa ọmọ, nítorí iye náà ni dókítà fi ń mọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe pariwo pé, “Kí ni o tún jẹ?” Ẹ wí pé, “O ṣeun tí o wò ó. Kí ni a ó ṣe báyìí?” Iyán kì í ṣe èèwọ̀ fún un, kí ìwọ̀n oúnjẹ àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ sáà bára mu. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí gbogbo ilé mọ èyí: bí ó bá ń làágùn, tí ó ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ kò ka tó 70 (3.9 lórí irú kejì), ẹ fún un ní ṣíbí tíì ṣúgà 3 sí 4 nínú omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó. Bí ó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Bákan náà ni bí ó bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó sì ń mí hẹlẹ: Ìdó-Èkìtì tàbí Adó lójú ẹsẹ̀.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ má ṣe fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀.