Yíyí Iye Ìwọlé Padà Nínú Ìdánwò Àfarawé Lórí Ìmọ́lẹ̀: Àkíyèsí fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́-Olùkọ́

Àṣamọ̀

Bébà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe lè fi ìdánwò àfarawé orí kọ̀ǹpútà kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, pàápàá jù lọ nípa ìhùwàsí awò. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni yíyí iye ìwọlé padà láti ìdánwò kan sí òmíràn: èwo ni kí a yí, èwo ni kí a mú dúró, báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ pé òtítọ́ ni àbájáde tí a kọ sílẹ̀. A fi awò ìkàwé tí a ń tà lọ́jà ṣe àpẹẹrẹ, a sì wo iṣẹ́ tí Ptolemy ṣe ní Alẹkisáńdíríà láyé àtijọ́. Èrò wa ni pé bí olùkọ́ bá ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe déédéé fún ohun mẹ́ta tí ó wà nínú ìdánwò, yóò rọrùn fún un láti yẹra fún àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù.

1.0 Ìfáárà

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, omi kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi, tí ó ń wo atukọ̀ tí ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, yóò rí i bí ẹni pé àjẹ̀ náà ṣẹ́ ní ibi tí ó ti kan omi. Ọmọdé rí i, àgbà rí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá béèrè pé, ‘Tíṣà, bí atukọ̀ bá túbọ̀ dá àjẹ̀ náà dùbúlẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé epo ni ó wà níbẹ̀ dípò omi ńkọ́?’, olùkọ́ tí ó há ìtumọ̀ sórí nìkan kò ní rí èsì fọ̀. Ìbéèrè méjì ni ọmọ náà béèrè. Ọ̀kan jẹ mọ́ bí àjẹ̀ ṣe tẹ̀ sí, èkejì jẹ mọ́ ohun tí àjẹ̀ wọ̀. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò lè dáhùn ọ̀kankan.

Ìlú Fẹ́sítáàkì tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà jẹ́ ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1977. Kì í ṣe ijó àti orin nìkan ni a ṣe níbẹ̀. Àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wáyé nínú àjọ̀dún náà dá lórí ọ̀làjú aláwọ̀ dúdú àti ètò ẹ̀kọ́. Ọdún méje ṣáájú rẹ̀, ní 1970, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà nínú ohun tí a fi kọ́ wọn. Bébà yìí tẹ̀lé ipa ọ̀nà náà. Kọ̀ǹpútà ti dé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a ó fi lò ó bí olùkọ́ dé pẹ̀lú.

2.0 Ohun Mẹ́ta Tí Ó Yẹ Kí Á Fún Lórúkọ

Ìdánwò àfarawé ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó ń fi òfin ìmọ̀ kan ṣe ìṣirò, tí ó sì ń fi èsì rẹ̀ hàn bí ẹni pé ohun náà ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni PhET, èyí tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní 2002 ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, ní Amẹ́ríkà. Wieman wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni PhET, a sì lè tọ́jú ètò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí a máa lò ó nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá ìdánwò.

Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ dá mọ̀. Àkọ́kọ́ ni iye àyípadà, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń yí láti ìdánwò kan sí òmíràn. Èkejì ni iye adúró, èyí tí a kò jẹ́ kí ó kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iye àbájáde, èyí tí kọ̀ǹpútà fún wa. Iye àyípadà àti iye adúró ni a pa pọ̀ tí a pè ní iye ìwọlé.

Kí á fiyè sí i pé ipò ni àwọn orúkọ wọ̀nyí, wọn kì í ṣe àbùdá. Iye tí ó dúró lónìí lè di èyí tí a ń yí lọ́la. Bí ọ̀rọ̀ ìlù dùndún ni ó rí. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ nítorí pé àwọn ìlù yòókù di ohùn wọn mú. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ariwo ni a ó gbọ́.

3.0 Àpẹẹrẹ Kìíní: Awò Ìkàwé

Awò ìkàwé tí àwọn àgbàlagbà ń rà ní ọjà Àgbójù tàbí ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Máìlì 2 máa ń ní àmì lára, bíi +1.50, +2.00 tàbí +2.50. Àmì yìí sọ agbára awò. Bí a bá fi 1 pín sí ọ̀nà iye náà, a ó rí bí ojú ìpàdé ìtànṣán ti jìnnà sí awò ní mítà. Nítorí náà, ojú ìpàdé awò +2.50 wà ní mítà 0.4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 40. Òfin tí ó so ohun gbogbo pọ̀ ni pé 1/f = 1/u + 1/v. Jíjìn ojú ìpàdé ni f, jíjìn ohun tí a gbé síwájú awò ni u, jíjìn àwòrán sí awò ni v.

Ẹ jẹ́ kí á mú f dúró ní 40, kí á máa yí u nìkan. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo iye tí ó wà nínú àtẹ yìí.

Àtẹ 1
u = 200: v = 50; àwòrán jẹ́ ìdá mẹ́rin ohun náà
u = 120: v = 60; àwòrán jẹ́ ìdajì
u = 80: v = 80; àwòrán àti ohun náà dọ́gba
u = 60: v = 120; àwòrán jẹ́ ìlọ́po méjì
u = 50: v = 200; àwòrán jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin
u = 40: àwòrán kò sí níbì kankan
u = 30: v = –120; àwòrán jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ó sì wà ní òòró

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ nínú àtẹ yìí. Èkíní, láti 200 dé 120, u yí ní 80, v kò sì yí ju 10 lọ. Láti 60 dé 50, u yí ní 10 péré, v fò ní 80. Ibi tí àbájáde bá ti ń yára yí ni kí á ti fi ìṣísẹ̀ kéékèèké rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fo 20, 20 láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò fo ibi tí ẹ̀kọ́ gan-an wà kọjá. Èkejì, 40 jẹ́ ààlà. Ní òkè rẹ̀, àwòrán dojú dé, a sì lè gbà á sórí bébà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwòrán wà ní òòró, inú awò nìkan ni a sì ti lè rí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àgbàlagbà fi ń gbé ìwé sún mọ́ awò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ẹ̀kẹta, àmì –120 kì í ṣe àṣìṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwòrán wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ohun náà wà.

Lẹ́yìn èyí, kí á mú u dúró ní 60, kí á sì yí fífẹ̀ awò. Àwòrán kò ní kúrò ní 120. Ṣùgbọ́n bí a bá dín fífẹ̀ awò kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò dín kù sí ìdá mẹ́rin, àwòrán yóò sì ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé bí a bá fi ọwọ́ bo ìdajì awò, ìdajì àwòrán ni yóò kù. Ìdánwò ẹyọ kan ti tú èrò yìí ká. Iye ìwọlé tí kò mú àbájáde kúrò ní ipò rẹ̀ náà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, kí olùkọ́ má ṣe fò ó.

4.0 Ẹni Tí Ó Lé Eku Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Nínú àfarawé awò, a tún lè yí bí ojú awò ṣe tẹ̀ kọdọrọ. Bí òṣùwọ̀n ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀ dígí bá jẹ́ 1.5, tí ìtẹ̀kọdọrọ ojú awò méjèèjì sì jẹ́ ti òbìrí tí àárín rẹ̀ jìnnà ní 40, ojú ìpàdé yóò wà ní 40. Bí a bá sọ 40 yìí di 48, ojú ìpàdé yóò bọ́ sí 48.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u = 60 àti f = 40. Ó rí v = 120. Ó wá yí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: u di 80, f di 48. Kọ̀ǹpútà fún un ní v = 120 padà. Kí ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀? Ó lè kọ ọ́ pé kò sí èyí tí ó kan àwòrán nínú méjèèjì. Irọ́ ńlá nìyẹn, kọ̀ǹpútà kò sì pa irọ́ kankan fún un. Bí ó bá yí u nìkan sí 80, v yóò wálẹ̀ sí 80. Bí ó bá yí f nìkan sí 48, v yóò gòkè dé 240. Ọ̀kan ń fà á sẹ́yìn, èkejì ń tì í síwájú, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ẹni tí ó bá yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni yóò mọ̀.

5.0 Ẹ̀kọ́ Láti Alẹkisáńdíríà

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó bẹ̀rẹ̀ yíyí iye ìwọlé padà. Ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹgbẹ̀rin sẹ́yìn, ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, Ptolemy fi àwo idẹ tí a pín sí dígírì wọn bí ìtànṣán ṣe ń tẹ̀ bí ó bá ti afẹ́fẹ́ wọ omi. Ó yí igun ìwọlé ní dígírì 10, 10, láti 10 dé 80. Àtẹ 2 fi iye tí ó kọ sílẹ̀ hàn, àti iye tí òfin tí a mọ̀ lónìí fún wa bí òṣùwọ̀n ìtẹ̀ omi bá jẹ́ 1.333.

Àtẹ 2
Igun 10: Ptolemy 8, òfin 7.5
Igun 20: Ptolemy 15.5, òfin 14.9
Igun 30: Ptolemy 22.5, òfin 22.0
Igun 40: Ptolemy 29, òfin 28.8
Igun 50: Ptolemy 35, òfin 35.1
Igun 60: Ptolemy 40.5, òfin 40.5
Igun 70: Ptolemy 45.5; òfin 44.8
Igun 80: Ptolemy 50, òfin 47.6

Ó súnmọ́ òtítọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ yọ iye kọ̀ọ̀kan kúrò nínú èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹ ó rí 7.5, 7, 6.5, 6, 5.5, 5, 4.5. Ìdajì ìdajì ni ó ń fi wálẹ̀ láìyẹsẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ènìyàn kì í wọn nǹkan kí ó tò bẹ́ẹ̀. Ó hàn gbangba pé a ti tún iye wọ̀nyí ṣe kí wọ́n lè bá ìlànà kan tí ó wà lọ́kàn mu. Ibi tí ìlànà náà sì ti já kulẹ̀ ni dígírì 80. Ibẹ̀ gan-an ni òfin tòótọ́ ìbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ibn Sahl ní Bàgídáádì ni ó kọ òfin náà sílẹ̀ ní 984. Willebrord Snell tún un rí ní 1621.

Olùkọ́ tí ó ti bójú tó ìdánwò ní kíláàsì mọ ìdí tí a fi mú ìtàn yìí wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ èsì tí tíṣà ń fẹ́ máa ń tò iye rẹ̀ kí ó lè dọ́gba, kí máàkì rẹ̀ lè pé. A fún un ní máàkì náà, ṣùgbọ́n a ti gba ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ́wọ́ rẹ̀: ìgboyà láti kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

6.0 Àfarawé Kì Í Ṣe Ojúlówó

Iye ìwọlé kan náà yóò fún wa ní àbájáde kan náà nínú irú àfarawé yìí, bí a tilẹ̀ ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún. Awò gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá gba àwòrán fèrèsé sórí ògiri pẹ̀lú awò +2.50, ọ̀kan lè wọn 41, èkejì 39, ẹ̀kẹta 42. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ìtìjú. Òun ni ẹ̀rí pé wọ́n wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ tẹ̀lé ìlànà yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kí ó dárúkọ iye àyípadà, iye adúró àti iye àbájáde. Kí ó yí ẹyọ kan, kí ó sì kọ gbogbo èsì, títí kan èyí tí kò yé e. Lẹ́yìn náà, kí ó mú awò gidi, kí ó yan ipò méjì tàbí mẹ́ta nínú àtẹ rẹ̀, kí ó wọ̀n wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Kí olùkọ́ kìlọ̀ gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi awò wo oòrùn. Paríparí rẹ̀, kí máàkì wà fún ìtẹ̀lé ìlànà àti òtítọ́, kì í ṣe fún bíbá ìwé mu nìkan.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú bébà yìí pé yíyí iye ìwọlé padà ní ètò tirẹ̀: ọ̀kan ni kí á yí, kí á mú ìyókù dúró, kí á sì fi ìṣísẹ̀ kéékèèké rìn ní ibi tí àbájáde ti ń yára yí. A tún rí i pé ètò tí ó tò jù lè jẹ́ àmì pé a kò wo nǹkan náà dáadáa. Ọmọ tí ó béèrè ọ̀rọ̀ àjẹ̀ lẹ́bàá omi ṣì ń dúró de èsì. Olùkọ́ tí ó bá fún un ní awò àti kọ̀ǹpútà, tí ó sì kọ́ ọ ní orúkọ ohun mẹ́ta wọ̀nyí ní èdè abínibí rẹ̀, ti fún un ní ọ̀nà tí yóò fi wá èsì náà fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.