Ẹ̀yin Ọmọ Agbowó Tó Ń So Bátìrì Pọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tó gba yàrá ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, mo mọ̀ pé àìsí iná ló ń mú kí ẹ máa so bátìrì pọ̀ fún ìnfátà. N kò ní kí ẹ má ṣe é. Kí ẹ ṣe é dáadáa ni mo ń bẹ̀ yín sí.

Bí ẹ bá so pọ́sítíìfù bátìrì fóltì 12 kan mọ́ nẹ́gétíìfù ìkejì, fóltì 24 ni yóò jáde. Bí ẹ bá so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, 12 náà ni, ṣùgbọ́n iná yóò pẹ́ sí i. Ẹ wo iye tí ìnfátà yín ń gbà kí ẹ tó mú sípánà. Ẹ má so ògbólógbòó mọ́ tuntun.

Fíúsì gan-an ni kí ẹ fetí sí. Orí wáyà pọ́sítíìfù ni kó wà, kó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí. Èyí tí ẹ bá fi sí ẹ̀gbẹ́ ìnfátà kò lè gba wáyà tó wà láàárín là bí ó bá bó, tó sì kan irin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù tí ẹ ń tú nínú bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Irú èyí kò gbọdọ̀ kọjá fóltì 4.2, ẹ má sì ṣájì rẹ̀ láìsí BMS, bọ́ọ̀dù tó ń dáàbò bo bátìrì. Èyí tó bá wú, ẹ má lò ó mọ́. Bátìrì olómi sì ń tú gáàsì tó lè gbiná sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣájì. Ẹ má gbé e sábẹ́ ibùsùn.