Ẹ Jẹ́ Kí Aago Àgbà Máa Ṣe Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó aago ọwọ́ olówó ńlá jọ, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń gbé wá: ṣé àtijọ́ ni ká rà ni, àbí tuntun? Èyí tó bá wù yín, tí owó yín sì ká, ẹ rà á. Ìgbà tí aago bá dọ́wọ́ yín tán ni ẹ máa ń ṣì í. Ẹ ó gbé aago tó ti lo ọgọ́ta ọdún lọ fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di tuntun, ẹ ó sì ti èyí tí ẹ rà lánàá mọ́nú àpótí kó má bàa gbó. Ẹ gbé e gba òdì.

Ẹ jẹ́ ká fi Rolex Datejust ṣàlàyé, torí òun ni púpọ̀ nínú yín ń kọ́kọ́ dáwó sí. Láti 1945 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ mú irú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1601, onírin tó ní òrùka wúrà funfun, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1970, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 126234 tòní. Mìlímítà 36 ni àwọn méjèèjì, òrùka onílà wẹ́wẹ́ kan náà ló sì yí dígí wọn ká. Láti òkèèrè, ìbejì ni wọ́n.

Ẹ wá sún mọ́ wọn. Ike ni dígí 1601: ẹ fi èékánná kàn án, ẹ ó gbọ́ pé ohùn rẹ̀ rọ̀. Nǹkan tètè máa ń ha á, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ á pa ìlà náà rẹ́. Sàfáyà ni ti tuntun. Kò sí ohun tó ń ha á bọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá fi etí lu táìlì, ó lè fọ́. Ẹ́ńjìnì 1575 tó wà nínú ọ̀pọ̀ 1601 ń mì nígbà 19,800 láàárín wákàtí kan. Ẹ́ńjìnì 3235 tó wà nínú ti tòní ń mì nígbà 28,800. Bí déètì 1601 bá ṣì, ẹ jókòó, kí ẹ máa yí ọwọ́ rẹ̀ kọjá aago méjìlá òru kí ọjọ́ kan ṣoṣo tó yí, torí ọdún 1977 ni ẹ́ńjìnì tó ń yí déètì kíákíá tó dé. Tuntun kì í fi ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹ̀ lójúmọ́, bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ṣèlérí. Bí ẹ bá bọ́ ọ kalẹ̀, á ṣì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 70. Omi kì í bà á lẹ́rù, gárántì ọdún márùn-ún sì wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé aago àtijọ́ mọ iṣẹ́ ju tuntun lọ, ọjà ló fẹ́ tà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni ẹ ń san owó lé lórí: ojú tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà jẹ́jẹ́, ọ̀dà tó ti pọ́n, etí irin tó ṣì mú bó ṣe kúrò ní Geneva. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, kí ló kù? Aago tí agbára rẹ̀ kò tó ti ọmọ rẹ̀. Sányán bàbá àgbà, kò sẹ́ni tó ń rẹ ẹ́ láró kó lè jọ aṣọ tuntun.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú aago sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òun ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó aago àtijọ́. Ọ̀rinrin Èkó kì í dá a sí. Bí rọ́bà tó ń dí omi bá ti gbó, àmì dúdú kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn kan á wá gbé e fún ẹni tó ń tún ojú aago kùn. Ẹ mú dígí oníṣẹ́ aago, kí ẹ fi wo lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà tó ti ilé-iṣẹ́ wá máa ń mú, ó máa ń já gaara. Ti atúnkùn á ki, etí rẹ̀ á sì rí jágajàga. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ mẹ́fà. Bí ẹ bá rí “T SWISS T”, tritium ló wà nínú ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn. Ní ọdún méjìlá àti díẹ̀, agbára tritium ti lọ sí ìdajì. Ti aago 1968 kò wá tó ìdá kan nínú ogún mọ́ báyìí. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá ń tàn yòò lójú yín lóru, ẹnì kan ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ẹ dá owó yín padà sápò.

Èyí tó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó ṣáájú ọdún 1960, radium ló sábà máa ń wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun àwàdà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago ní New Jersey ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn máa ń fi ètè ṣe ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣóńṣó, radium náà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀dà náà lè má tàn mọ́, àmọ́ 1,600 ọdún ni radium ń lò kí agbára rẹ̀ tó lọ sí ìdajì. Ẹ má ṣí i, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ha á, ẹ má fẹ́ ẹnu sí i.

Lẹ́yìn ojú, ara. Ẹ wo apá mẹ́rin tí ṣéènì so mọ́. Lára 1601, ihò kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Bí ihò náà bá ti sún mọ́ etí jù, tí apá náà sì ti rí tẹ́ẹ́rẹ́, pọ́líìṣì ti jẹ ẹ́. Irin tí ẹ̀rọ pọ́líìṣì bá ti jẹ kì í hù padà. Ẹ tú ṣéènì, ẹ ó rí nọ́ńbà aago láàárín apá méjì tó wà ní ìhà mẹ́fà ojú aago. Kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Rolex máa ń tẹ ìgbà tí wọ́n ṣe ìdérí náà sínú rẹ̀, bíi “III 68”. Bí ìdérí bá ń pe 1968, tí nọ́ńbà sì ń pe ọdún mìíràn tó jìnnà sí i, aago méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n tò pọ̀. Ìwé tí ẹni tó ń tà á kó sílẹ̀ kò gbọdọ̀ borí ohun tí ẹ fojú yín rí. Ìwé náà ní ayédèrú.

Mo tún máa ń rí àwọn tó ń ní kí a pa orúkọ tó wà lẹ́yìn aago rẹ́, pé aago ìfẹ̀yìntì bàbá oníbàbá ni, kò bá wọn lára mu. Ẹ gbọ́ ti Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ra Rolex Daytona kan fún un, ó sì ní kí wọ́n fín in sẹ́yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Newman so ó títí, ó sì fi bun ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ọmọ rẹ̀ rìn. Òun náà so ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ní ọjà gbàǹjo Phillips ní New York, wọ́n tà á ní dọ́là mílíọ̀nù 17.75. Bí ẹnì kan bá ti pọ́líìṣì ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí sáfíìsì, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé wọn kò gbọdọ̀ pọ́líìṣì rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gba ìbúwọ́lù. Àwọn oníṣẹ́ kan, tó fi mọ́ àwọn tó láṣẹ, gbà pé oore ni àwọn ń ṣe yín bí wọ́n bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ni kí wọ́n tú, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì sí i ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Rọ́bà tó ń dí omi ni kí wọ́n pààrọ̀. Síbẹ̀, ẹ má tìtorí rọ́bà tuntun wọ 1601 lọ wẹ̀.

Ó wá ku tuntun, èyí tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ so ó. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kó le ni pé kí ẹ so ó. Ẹ so ó lọ síbi iṣẹ́, ẹ so ó wọ agbádá, ẹ jẹ́ kó gba ìlà tirẹ̀. Lálẹ́ tí ẹ bá ti òde dé, tí òógùn ti gbẹ sí i lára, ẹ rí i pé kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dì dáadáa, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ fọ ṣéènì rẹ̀. Ìdọ̀tí tó há sáàárín ṣéènì ló ń jẹ ẹ́ tó fi ń nà. Bí aago bá sì ṣàdédé ń sáré ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́, ẹ má pariwo pé ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ òòfà: ìdérí fóònù, ìpadé báàgì, sípíkà tí ẹ fẹ̀yìn tì lóde àríyá. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ọn. Bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì bá ń bá a yí, ẹ mọ ohun tó ṣe é. Ìṣẹ́jú kan ni oníṣẹ́ máa fi yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á pa mọ́ nítorí èrè, ẹ rántí ọdún 2022. Lẹ́yìn tí owó Rolex orí ọjà ti gun òkè tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ó já wálẹ̀, àwọn tó yáwó rà á sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin ará London tí ẹ ń so tiyín jáde, ẹ fa apá aṣọ bò ó ní títì. Àwọn ọlọ́kadà tó ń já aago kò ní bi yín bóyá àtijọ́ ni tàbí tuntun.

Àwọn kan ń bi mí nípa aago tuntun tí wọ́n fi ọ̀dà tó pọ́n kùn kó lè dà bí àgbà. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ojú àtijọ́ àti ẹ́ńjìnì tòní, kó lọ ra Omega Speedmaster Professional onídígí ike. Irú dígí bẹ́ẹ̀ ló wà lójú èyí tí Buzz Aldrin so lórí òṣùpá ní 1969, wọ́n sì ṣì ń tà á.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni owó yín ká, tuntun ni kó jẹ́. Ẹ so ó títí ojú yín á fi mọ aago, kí ẹ tó wá àtijọ́ lọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sì fi aago sílẹ̀ nílé, kó má tà á, kó má pọ́líìṣì rẹ̀, kó gbé e wá kí n bá a wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná.