Ọwọ́ Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílùú Ọba bí a ṣe ń to rélùwéè kékeré, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Tí ẹ bá dúró níwájú káńtà, tí oríṣiríṣi àpótí ń dán lójú yín, ẹ má ra èyí tó wu ojú yín. Èyí tí ọwọ́ ọmọ lè parí ni kí ẹ rà.

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nìyí. Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún méje, ẹ́ńjìnnì onídẹ ni mo rà fún un, irú èyí tí a ń fi iná jó pọ̀. Èmi ló wù, kì í ṣe òun. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó ti sú u. Èmi ni mo tò ó parí, mo sì gbé e sórí pẹpẹ. Ọmọ náà kò bá mi jókòó ti tábìlì yẹn mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tò tán, tó ń sáré, kí ọmọ lè rí ohun tí yóò máa kọ́lé fún. Ilé tàbí ọkọ̀ ẹrù kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ilé onípáálí bí irú èyí tí Metcalfe ń ṣe ní Yorkshire dára: wọ́n ti gé ògiri rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti tẹ àwọ̀ sí i lára, kò sí pé ọmọ ń kun ọ̀dà. Tó bá jẹ́ oníke, ẹ wá èyí tó ń há mọ́ra láìlo gọ́ọ̀mù. Ẹ ka iye ègé tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ọmọ kò bá lè parí láàárín ìjókòó méjì, ẹ dá a padà.

Ẹ wo ìwọ̀n tó wà lára àpótí. OO, ìyẹn 1:76, ló wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí. HO, 1:87, ló wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì. Ojú irin kan náà ni àwọn méjèèjì ń gùn, mìlímítà 16.5 láti irin dé irin, àmọ́ ilé HO lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ OO á dà bí ilé aràrá. Ìwọ̀n N ti ilẹ̀ yìí, tí irin tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9, kéré jù fún ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò náà fúnra wọn: ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, fẹ̀ tó mìlímítà 1,435. Kí wọ́n pín in sí ọ̀nà 87, bíi 16.5 ni wọn yóò bá. Ojú ọmọ á là pé irin tí bàbá àgbà ń gùn lọ sílé ló wà lórí tábìlì yìí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má gbé ègé kéékèèké sún mọ́ ọn, nítorí ẹnu ló ń kó gbogbo nǹkan sí. Rélùwéè onígi tí kò ní ègé kéékèèké ló tọ́ sí i.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Abẹ, gọ́ọ̀mù olóòórùn líle àti iná ara ògiri jẹ́ tiwa. Fèrèsé tíńtín, ilẹ̀kùn àti ìkọ́ ọkọ̀ jẹ́ tiwọn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n ń pẹ́.

Òrùlé àkọ́kọ́ á wọ́. Ẹ má ṣe tún un ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. Yóò mọ̀, kò sì ní í sọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bó ṣe wà, kí ẹ́ńjìnnì kọjá níwájú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá bi yín ní Sátidé tó tẹ̀ lé e pé, “Èwo la máa kọ́ lónìí?”, àpótí tí ẹ yàn dára nìyẹn.