PÁPÁ: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ NÍNÚ IṢẸ́ ÀGBẸ̀ ÀTI NÍNÚ ERÉ

Àgbẹ̀ a máa wí pé, "Pápá ti jó", agbábọ́ọ̀lù a máa wí pé, "Mo ń lọ sí pápá." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí olúkúlùkù ní lọ́kàn yàtọ̀. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ náà, kí a sì mọ ibi tí ìtumọ̀ méjèèjì ti pàdé.

Ìtumọ̀ kìíní: ti àgbẹ̀. Igbó ni ibi tí igi ti dí, tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Oko ni ibi tí a ti ro, tí a sì kọ ebè sí. Pápá kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì: ilẹ̀ gbalasa ni, tí koríko bò, tí ojú ń ríran jìnnà lórí rẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní Èkó ní ọdún 1896 fi èyí hàn gbangba. Ó la igbó kọjá dé Ìbàdàn ní 1901; bí ó sì ti ń lọ sí Ìlọrin, tí ó dé ní 1908, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń fà sẹ́yìn, tí koríko ń gba ilẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹran ti ń jẹ̀. Níbẹ̀ náà ni iná ti ń jó lákòókò ọyẹ́.

Ìtumọ̀ kejì: ti eléré. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dé, a kò wá orúkọ mìíràn fún ibi tí a ti ń gbá a, nítorí òun náà jẹ́ ilẹ̀ gbalasa tí koríko bò, tí kò ní ebè. Èbúté-Mẹ́ta, tí ó kángun sí Ìdó, ni ilé iṣẹ́ ńlá Reluwé wà; ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Reluwé Èkó sì gba Ife Gómìnà, tí a dá sílẹ̀ ní 1945, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 láti Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹsẹ̀ lásán náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ń tẹ pápá nílé. Òtútù Ìlú Ọba kì í jẹ́ kí aràn ìkọ́ gbilẹ̀. Ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sábẹ́ koríko, tí aràn yìí sì wà nínú rẹ̀, ẹyin aràn náà a pa nínú ilẹ̀ tí ó rin, tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 10, ọmọ aràn, tí ojú lásán kò lè rí, ti lè gún awọ ẹsẹ̀ wọlé. A bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, a gòkè dé ọ̀fun, a bá itọ́ sọ̀kalẹ̀, a sì so mọ́ ìfun, níbi tí yóò ti máa mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí à ń pè ní ọ̀lẹ lóko tàbí nílé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ẹni tí aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà:
1. Kí a gbẹ́ ṣáláńgá sí ilé àti sí abà, kí ó jìnnà sí kànga tó 100 ẹsẹ̀ bàtà.
2. Kí àtàgbà àtọmọdé máa wọ bàtà.
3. Kí a mú ẹni tí ojú rẹ̀ funfun, tí ó sì ń rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn aràn ń bẹ.

Oko ní olóko tí ń tọ́jú rẹ̀. Pápá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá pa pápá mọ́, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni ó dá sí.